Kóòtù Òtútù Tí Kò Dé Aṣálẹ̀

Kò sí àpótí tí n kò lè dì. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun mìíràn tó kù tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí mọ́. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí, bí ẹnikẹ́ni bá ń lọ sí Nàìjíríà, èmi ni wọ́n ń pè. Wọ́n á ní, "Bàbá ẹlẹ́rù, ẹ gbà wá," wọ́n á fi ọkọ̀ kó ẹrù wọn wá sílé mi ní Springdale, ní Maryland níbí, wọ́n á dà á sílẹ̀ ní pálọ̀ mi bí ìgbà tí típà bá da yanrìn. N óò jókòó tì í, n óò kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Ohun tó wúwo á lọ sídìí, níbi tí táyà àpótí wà. Bàtà kì í ṣófo lọ́wọ́ mi: ìbọ̀sẹ̀ ló ń gbé inú rẹ̀, tàbí ọṣẹ, tàbí oògùn. Aṣọ, n kì í ṣẹ́ ẹ po, ṣe ni mo máa ń ká a bí ẹní. Bó bá wá ku àlàfo díẹ̀, mo gbọ́dọ̀ dí i, torí àpótí tó bá ní àlàfo, ẹrù inú rẹ̀ á máa yí kiri títí dé ibi tó ń lọ, èyí tó lè fọ́ nínú wọn á sì fọ́.

Èmi ni mo di ẹrù tí ìyàwó mi gbé kúrò nílé wa. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi dì í, mo sì dì í dáadáa. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bá mi gbélé: ṣé yóò padà wá?

Ìgbà ìrúwé ni. Ọmọbìnrin wa, ẹnì kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ, bímọ ní ìlú kan tó wà láàárín aṣálẹ̀ ní California. Ìlú ìgbafẹ́ ni. Àwọn olówó máa ń lọ síbẹ̀ láti na ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi ìlúwẹ̀ẹ́ nígbà tí yìnyín bá ń dààmú àwa níhìn-ín. Ọkọ ọmọ wa níṣẹ́ gidi ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan níbẹ̀. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn, tí èmi ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán ní ọ́fíìsì. Bí mo bá ń wa ọkọ̀ jáde láàárọ̀, òun ń wa tirẹ̀ wọlé, a ó sì juwọ́ síra wa lójú títì. Mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé bó bá fẹ̀yìn tì, a óò wá jókòó, a óò wo ojú ara wa. A jókòó lóòótọ́. Nígbà tí a jókòó tán, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí òun fẹ́ sọ.

Kò sí ìjà o. Mi ò na obìnrin rí, mi ò mutí yó rí, òun náà kò sọ̀rọ̀ burúkú sí mi rí. Mo ń sọ èyí torí mo mọ irú ohun tí ènìyàn máa ń rò. Ì bá sàn kó jẹ́ pé a jà. Ìjà ní ẹni tó ń parí rẹ̀.

Bí ọmọ ẹni bá bímọ, ìyá rẹ̀ ní láti lọ wẹ ọmọ. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń jiyàn lé lórí láàárín wa. Ọkùnrin tó bá ní kí ìyàwó òun má lọ, wọ́n á máa wò ó bóyá orí rẹ̀ pé. Nígbà tó ní òun ń lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, inú mi dùn pẹ̀lú gbogbo ayé. Mi ò mọ̀ pé kò sí ọ̀nà tó níyì tó bẹ́ẹ̀ láti fi ilé ọkọ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè bá ọ wí. Wọ́n á tún fi orin sìn ọ́ dé ẹnu ọ̀nà ni.

"Dádì," ó wí fún mi lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun, "ẹ̀yin lẹ máa bá mi pack o. Ẹ mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe bíi tiyín."

Orí mi wú. Ó ti pẹ́ tó ti sọ fún mi pé mo mọ nǹkan kan ṣe.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ojú ọjọ́ ìlú náà wò lórí fóònù lójoojúmọ́, bí ẹni tó fẹ́ dá oko síbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ aṣálẹ̀, ooru ni wọ́n ń rò. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ ti ní kó má mú ju búbá àti ìró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ. Mo rí i pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà ìrúwé, ọ̀sán ibẹ̀ lè mú kí ènìyàn fẹ́ bọ́ra sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń wọ̀ báyìí, òtútù á dé. Atẹ́gùn ibẹ̀ náà máa ń le lákòókò yẹn, á gbé yanrìn, á fi lu ènìyàn lójú. Bí mo ṣe ń kà á ni mò ń rẹ́rìn-ín. Ọyẹ́ ni wọ́n ń ṣàpèjúwe, wọn ò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni. Ọyẹ́ tó ń la ètè, tó ń la gìgísẹ̀, tó ń mú ènìyàn gbọ̀n láàárọ̀, tí á tún mú un làágùn lọ́sàn-án. Àwa tí a fi ètè lílà lọ sí iléèwé n'Íbàdàn, kí ni aṣálẹ̀ fẹ́ fi hàn wá?

Mo pè é jókòó, mo là á yé e. Mo ní kó mú aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lápá gígùn, kí oòrùn má baà jó o. Kó mú swẹ́tà kan fún ìrọ̀lẹ́ àti ṣọ́ọ̀lù tó lè fi bo orí àti imú bí atẹ́gùn bá gbé yanrìn dé. Fìlà tó fẹ̀ létí. Bàtà tó bo ọmọ ìka. Òrí fún ètè àti gìgísẹ̀, ó ṣe tán òrí yẹn náà ló máa fi ra ọmọ lára. Kó sì máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á ti gbẹ òógùn lára ènìyàn kó tó mọ̀ pé òun ń làágùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹrù ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni," mo ní. "Àpótí kékeré yẹn á gbà á."

"Ńlá yẹn ni kẹ́ ẹ gbé sọ̀ kalẹ̀, Dádì."

"Kí lo fẹ́ fi ńlá ṣe?"

"Ẹrù ọmọ pọ̀."

Ó bọ́gbọ́n mu. Mo gùn lọ sókè àjà, mo gbé ńlá sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé la dì í, nínú yàrá wa. Mo ti kọ́kọ́ to ẹrù ọmọ sídìí: kànìnkànìn, ọṣẹ dúdú, òrí nínú ike, ẹja gbígbẹ àti ata tí ìyá ìkókó máa fi se ọbẹ̀ gbígbóná mu, èlùbọ́ tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì gún ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó tirẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó kó gáùn aláìlápá kan wá, ó kó òmíràn lé e, ó tún padà lọ kó sí i. Àwọn mìíràn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wọ́n ni, bébà iye owó ṣì wà lára wọn. Mo ń wo àwọn aṣọ náà, mò ń rẹ́rìn-ín ìyàngì, mo rò pé kò gbọ́ àlàyé mi ni.

"Mọ́mì, ṣé mi ò sọ fún ẹ pé ó máa ń cold nírọ̀lẹ́ níbẹ̀? Kí lo fẹ́ fi gbogbo aláìlápá yìí ṣe? Spring ni o, kì í ṣe summer."

Ó ń wá nǹkan nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó ní, "Wọ́n ní heat ibẹ̀ nínú July, kì í ṣe kékeré. Wọ́n ní èèyàn ò ní lè fọwọ́ kan ilẹ̀kùn mọ́tò."

Oṣù kẹta la wà nígbà náà.

Àwa méjèèjì la gbọ́ ohun tó sọ. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí háńgà, tí kò fà á jáde, tí kò sì fi sílẹ̀. Mo ń dúró kó ní àṣìsọ ni. Mo ń dúró kó yí padà, kó ní ọmọ wa ló sọ ọ́, kó ní òun kàn ń sọ ọ́ lásán ni. Kò yí padà. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó fa gáùn náà jáde, ó gbé e lé orí èyí tó wà nílẹ̀.

Ẹni tó bá ń ka èyí á ní kí ló dé tí mi ò bi í. Ìdí ni pé bí mo bá bi í, ó máa dá mi lóhùn. Èmi àti ẹ̀ kì í purọ́ fún ara wa. Mo mú aṣọ aláìlápá àkọ́kọ́, mo ká a bí ẹní, mo tò ó sínú àpótí. Mo mú ìkejì.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti wá ń fi ojú mìíràn wo ohun tó ń kó bọ̀. Ó mú ìwé orin rẹ̀ onílẹ́tà gàdàgbà wá, èyí tí kì í gbé rìnrìn àjò. Ó mú jígí ojú tó máa ń lò fún kíkàwé àti èyí tó ti bàjẹ́ pẹ̀lú. Ó mú ohun kan wá tó fi ìró wé, ó rọra gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi í sáàárín. Ó rò pé mi ò ní mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ti di ẹrù tó èmi, ọwọ́ rẹ̀ máa ń ríran. Fọ́tò bàbá àti ìyá rẹ̀ ni, níbi tí wọ́n ti jókòó níwájú ilé wọn n'Íbàdàn, èyí tó ti wà lára ògiri pálọ̀ wa láti ọjọ́ tí a ti ra ilé náà. Mo fi aṣọ tó nípọn sí òkè rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí dígí rẹ̀ má baà fọ́. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ láti mu omi, mo wo ògiri. Fọ́tò ìgbéyàwó wa ṣì wà níbẹ̀. Ibi tí ti àwọn òbí rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ mọ́ ju gbogbo ògiri yòókù lọ.

Mo padà sókè, mo sì parí iṣẹ́ mi. Nígbà tí mo gbé àpótí náà sórí òṣùwọ̀n, kò fi díẹ̀ kọjá ohun tí wọ́n ń gbà nínú ọkọ̀ òfurufú. Mo mì ín wò, nǹkan kan kò dún nínú rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Dádì," ó ní. "Kò sẹ́ni tó lè dì í báyìí."

Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n pè é jáde níwájú ìjọ láti gbàdúrà fún un. Ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin gbọ́wọ́ lé e lórí, ó ní, "O ó lọ ire, o ó bọ̀ ire. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. O ò ní sùn síbẹ̀." Gbogbo wa ṣe àmín. Mo la ojú kan nígbà àdúrà, ohun tí mo ti tìtorí rẹ̀ bá ọmọ mi wí àìmọye ìgbà ní kékeré. Mo wo ètè ìyàwó mi. Ètè rẹ̀ kò mì.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ojú ọjọ́ Maryland wà bó ṣe máa ń wà nígbà ìrúwé, kò mọ ohun tó fẹ́. Lánàá rẹ̀, a ṣí fèrèsé sílẹ̀, ìyẹ̀fun òdòdó pupa rúsúrúsú bo gbogbo ọkọ̀ àdúgbò. Ilẹ̀ mọ́, yìnyín ti dì mọ́ dígí ọkọ̀. Ẹni tó bá gbọ́n níbí kì í kó kóòtù pamọ́ kí oṣù kárùn-ún tó dé. Ó wọ kóòtù dúdú rẹ̀, èyí tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ òru láti ọdún gbọ́nhan, tí etí apá rẹ̀ ti ń ṣá. Mo wa ọkọ̀ lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú lọ́nà Baltimore. Ọ̀rọ̀ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà la sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọ̀nà dá.

Nígbà tí mo gbé àpótí sílẹ̀ tán lẹ́bàá títì, ó bọ́ kóòtù náà. Nínú òtútù yẹn, ó bọ́ ọ, ó ṣẹ́ ẹ po, ó nà án sí mi.

"Ẹ bá mi mú un lọ sílé."

"Òtútù ń mú. Wọ̀ ọ́ wọlé."

"Inú airport gbóná, Dádì."

"Ìgbà tó o bá ń bọ̀ ńkọ́? Ó ṣì máa tutù níbí nígbà yẹn. Kí lo máa wọ̀ tí mo bá wá pick ẹ up?"

Ìbéèrè tí mi ò lè bi í nínú yàrá nìyẹn. Ojú ọjọ́ ni mo fi bò ó lórí.

Ó wò mí. Ojú lọ̀rọ̀ wà, mo sì ka gbogbo rẹ̀ tán lójú rẹ̀ kó tó la ẹnu. Ó na ọwọ́, ó tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mi ṣe, bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí mo ṣì ń wá iṣẹ́. Ó ní, "Ẹ máa jẹun déédéé." Ó wá fa àpótí rẹ̀ wọlé. Àpótí náà ń yí geere, kò fì sọ́tùn-ún, kò fì sósì. Bí mo ṣe dì í ni.

Mo fi kóòtù náà sí ẹ̀yìn ọkọ̀, kó lè wà nítòsí lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ lọ gbé e. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó dá pé, ó ní ọmọ ń húkọ́, òun ò lè fi í sílẹ̀ báyẹn. Ikọ́ lọ. Ìyá ọmọ fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ta ni yóò máa wo ọmọ? Ìyẹn náà lójútùú. Lẹ́yìn náà kò sọ ìdí kankan mọ́, èmi náà ò sì béèrè. Oṣù keje dé. Mo gbé ọkùnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì sọ sí District Heights, ó wẹ̀yìn, ó ní, "Bàbá, coat nínú July?" Mo ní AC ọ́fíìsì wa ti pọ̀ jù ni. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ó sì mọ̀.

"Màmá ńkọ́?" wọ́n máa ń bi mí lẹ́yìn ìsìn.

"Ó ń tọ́jú ọmọ."

"Ẹ kú àdáwà o. Ẹ kú oríire."

Oríire ni wọ́n ń kí mi. Bó bá ṣe pé ó kú ni, wọn ì bá ti gbé ìrẹsì wá, wọn ì bá bá mi jókòó. Bó bá ṣe pé a jà ni, àlùfáà ì bá ti wá dá sí i. Kò sí orúkọ tí à ń pe èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi, kò sì sí ẹni tó lè kí mi kú u. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, mo sì ń rí i kedere: ìyàwó mi kò ní padà wá sílé yìí, kò sì ní sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láéláé.

A ṣì máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù nírọ̀lẹ́. Ojú ọjọ́ la máa ń sọ. Mo máa ń wo ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí n tó pè é, n óò wá díbọ́n bí ẹni tí kò mọ̀.

"Báwo ni weather ọ̀hún?"

"Ó gbóná, Dádì. Àárọ̀ kùtùkùtù la fi ń gbé ọmọ jáde."

"Máa mu omi o."

"Mò ń mu ún. Tiyín ńkọ́?"

"Òjò rọ̀."

Bí òjò kò bá rọ̀, mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ. Lọ́jọ́ kan, ọmọ wa gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Daddy, Mummy is so happy here. You should hear her laugh. You should come and visit us." Ó fi ìfẹ́ sọ ọ́. Lẹ́yìn tó gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó, mò ń gbìyànjú láti rántí bí ìyàwó mi ṣe ń rẹ́rìn-ín. Mo rántí eyín rẹ̀. Ohùn rẹ̀, mi ò rántí.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ó pè mí fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án. Ó ní ọkùnrin kan láti Laurel, tí kò jìnnà sí mi, ń bọ̀ wá kí àwọn ará rẹ̀ ní apá ọ̀dọ̀ àwọn, ó lè bá òun gbé àpótí kan dání.

"Ẹ bá mi di àwọn aṣọ tó kù," ó ní. "Ẹ̀yin náà lẹ mọ̀ ọ́n dì."

Mo bi í bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Ó ní ó ti ń tutù nírọ̀lẹ́.

"Ṣé kí n fi coat rẹ sí i?"

Mò ń gbọ́ ohùn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ṣeré. "Rárá," ó ní. "Kò tutù tó coat níbí. Ẹ fún ẹni tí òtútù bá ń mú."

Mo dì í. Mo ká ìró àti búbá rẹ̀ bí ẹní, mo ki ìbọ̀sẹ̀ sínú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Nígbà tí mo to gbogbo rẹ̀ tán, àlàfo kan kù ní igun. Mo wá ohun tó jẹ́ tirẹ̀ kiri ilé tí mo lè fi dí i, mi ò rí nǹkan kan mọ́. Mo bọ́ swẹ́tà ọrùn mi, èyí tí òun fúnra rẹ̀ rà fún mi, mo ká a, mo fi dí àlàfo náà. Mi ò lè ṣàlàyé ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí nǹkan mi kan dé ibẹ̀ ni.

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ẹrù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó pè. Inú rere ló wà lóhùn rẹ̀. Ó ní, "Dádì, sweater yín ṣèèṣì bọ́ sínú ẹrù mi. Mo ti mail ẹ̀ padà, kí òtútù má baà mú yín."

Páálí kékeré ni wọ́n gbé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ti fọ swẹ́tà náà, ó ká a bí ẹní, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe máa ń ká a, ó sì fi bébà dí gbogbo igun rẹ̀ kó má baà yí kiri. Mo tú u, mo gbọ̀n ọ́n wò bóyá nǹkan kan á bọ́ sílẹ̀. Nǹkan kan kò bọ́. Mo gbé kóòtù rẹ̀ wọlé láti inú ọkọ̀, mo fi méjèèjì kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo sì ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù.